Òṣùwọ̀n Ọrọ̀-Ajé Aláwọ̀ Ewé ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ lálẹ́ òní ni bí a ṣe lè wọn ìtẹ̀síwájú agbègbè kọ̀ọ̀kan nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ọrọ̀-ajé aláwọ̀ ewé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn rí jẹ, kí ó rí lò, láìba ilẹ̀, omi àti igi tí ọmọ rẹ̀ yóò bá láyé jẹ́.

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ wọ ọ̀rọ̀. Ewé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ewé tútù ni à ń pè é. Omi tí ń pa òǹgbẹ, omi tútù ni. Bí a bá sì ń ṣàdúrà, a máa ń ní kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù. Ewé, omi àti àlàáfíà: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Èrò mi ni pé òṣùwọ̀n tí ó bá ka ọ̀kan tí ó fi méjì sílẹ̀ kò tíì wọn nǹkan kan.

Ìjọba àpapọ̀ kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kejìlá 2017, Nàìjíríà yá bílíọ̀nù 10.69 náírà lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò, ó sì ya owó náà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ aláwọ̀ ewé. Ní 2021, a ṣe òfin lórí ìyípadà ojú-ọjọ́, a sì ṣèlérí ní Glasgow pé nígbà tí yóò bá fi di 2060, èéfín tí a ń tú sójú ọ̀run kò ní ju èyí tí a lè gbà padà lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ̀ bí ìlérí náà bá dé Tápà tàbí Ayétẹ̀? Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. 11 nínú wọn jẹ́ ti Ìbàdàn, 3 péré ni ti Ìbàràpá. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba, ìpín Ìbàdàn yóò bo ti Ìbàràpá mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ èédú. Igi líle bí ayin ni àwọn tí ń sun èédú ń wá, nítorí èédú rẹ̀ kì í tètè jó tán. Ní Ìbàràpá ni a ti ń gé igi; ní Ìbàdàn àti Èkó ni a ti ń fi èédú dáná. Bí ìṣirò bá wo igi tí a gé nìkan, Ìbàràpá ni yóò jẹ̀bi, ìlú ńlá yóò sì dúró bí ọmọlúàbí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń sun èédú kì í ṣe ọ̀tá igi. Nígbà tí gbágùúdá bá pọ̀ lọ́jà tí owó rẹ̀ sì já wálẹ̀, èédú lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ó kù tí yóò fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Ó yẹ kí òṣùwọ̀n wa tẹ̀lé àpò èédú láti ìdí igi dé ìdí ìkòkò.

Ẹ wo ti àlàáfíà pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹfà 2021, ìkọlù òru gba ẹ̀mí ènìyàn ní Ìgàngàn. Bí ìbẹ̀rù bá lé àgbẹ̀ kúrò lóko, igbó yóò hù bo ebè. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán láti ojú ọ̀run yóò rí ewé, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé agbègbè náà ń tẹ̀ síwájú, nígbà tí ó jẹ́ pé ebi ni ó wà lábẹ́ ewé náà.

Ẹnìkan lè wí pé kò sí bí a ṣe lè ka nǹkan láti abúlé dé abúlé. Ìbàràpá ti dáhùn ìbéèrè yẹn. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá gbé láàárín àwọn ará Igbó-Ọrà. Ní Ìdèrè, àwọn olùwádìí ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí sòbìà, àrùn tí ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ oko pè é. Nígbà tí a kọ́kọ́ ka àwọn tí sòbìà ń bá jà káàkiri Nàìjíríà ní 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ìkàyè yẹn ni ó fi ibi tí ó yẹ kí a gbẹ́ kànga sí hàn, àti ibi tí ó yẹ kí a pín aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti tán nílẹ̀ wa. Ìkàyè nìkan kọ́ ni ó wo àrùn náà, ṣùgbọ́n òun ni ó fọ̀nà han oògùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí kù sí. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà, ti àwọn olùkọ́ni wà ní Lànlátẹ̀, politẹ́kíníìkì sì wà ní Èrúwà. Ẹ jẹ́ kí a ka kànga tí omi kì í tán nínú rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ka àpò èédú tí ń jáde ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí a má ka igi tí a gbìn lọ́jọ́ tí ayàwòrán wà níbẹ̀. Igi tí ó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni kí a kà. Kí a sì bi àgbẹ̀ léèrè iye ọjọ́ tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó lọ sóko. Lẹ́yìn náà, kí a ka àbọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará ìlú ní èdè tí wọ́n gbọ́, nítorí àwọn ni wọ́n ni ilẹ̀.

Àwọn àgbà ní àjẹìwẹ̀yìn ní í mú kí àgbà ru igbá rẹ̀ délé. Òṣùwọ̀n ni ojú tí a fi ń wẹ̀yìn. Kí ilé tutù, kí oko tutù. Ó dàárọ̀ o.