Ilẹ̀ Tí A Ti Ń Wa Egbò: Ohun Tí Irin Wúwo Ń Ṣe sí Gbòǹgbò

  

Ọ̀rọ̀ wa dá lórí gbòǹgbò. Láìsí ewé, láìsí egbò, láìsí èèpo igi, ọwọ́ awo ṣófo. Àwọn bàbá wa kọ́ wa ní orúkọ ewé, àkókò tí a ń já a àti ohùn tí a fi ń pè é. Ní ìlú tí a wà yìí, ìbéèrè kan tún kù tí a gbọ́dọ̀ máa bi ara wa: irú ilẹ̀ wo ni ewé náà ti hù?

Ẹ wo àyíká wa. Ọ̀jọ́ta tí ó bá Kétu pààlà ni ààtàn Olúṣosùn wà. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti ń da ìdọ̀tí Èkó síbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bíi hẹ́kítà 42. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná ńlá sọ níbẹ̀, èéfín sì bo àdúgbò. Inú irú ààtàn bẹ́ẹ̀ ni bátìrì, ọ̀dà àti tẹlifíṣọ̀n tí ó ti kú máa ń wà. Bí òjò bá rọ̀, omi á gba àárín wọn kọjá, á sì kó òjé, kádímíọ̀mù àti àwọn irin wúwo mìíràn wọ ilẹ̀. Ewé tí a bá dànù yóò jẹrà, yóò di ilẹ̀. Òjé kì í jẹrà. Ibi tí ó bá wọ̀ ni ó ń gbé.

A kò pe irin ní ọ̀tá. Irin ni ti Ògún, idẹ ni ti Ọ̀ṣun, òjé ni ti Ọbàtálá. Igi pàápàá nílò irin àti bàbà díẹ̀ kí ó tó lè dàgbà. Ṣùgbọ́n òjé àti kádímíọ̀mù kò ní iṣẹ́ rere kankan nínú gbòǹgbò.

Ṣóńṣó gbòǹgbò ni ìdàgbà ti ń bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ ara tí ojú lásán kò lè rí, ti ń pín sí méjì-méjì tí gbòǹgbò fi ń gùn. Inú sẹ́ẹ̀lì ni kúrómósómù wà, okùn tín-ín-rín tí ó gbé ogún ìran dání. Ti ènìyàn jẹ́ 46. Ti àlùbọ́sà, tí ọkọ̀ ń kó wá láti Sókótó àti Kébbí sí ọjà Mile 12, jẹ́ 16. Awo tí ó gbọ́ iye yìí yóò rántí ikin 16. Bí a ti ń ṣọ́ ikin kí ọ̀kan má ṣe dín, bẹ́ẹ̀ ni 16 náà gbọ́dọ̀ pé nínú sẹ́ẹ̀lì tuntun kọ̀ọ̀kan. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín, yóò ṣe ẹ̀dà okùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn fọ́nrán kan yóò sì fa 16 sí apá kan, 16 sí apá kejì.

Bí òjé tàbí kádímíọ̀mù bá wọlé, ètò yìí á dàrú. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ àwọn èròjà tí ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sì ba àwọn fọ́nrán náà jẹ́. Okùn kan á ṣẹ́kù sẹ́yìn, òmíràn á já, òmíràn á so apá méjèèjì pọ̀ bí afárá. Sẹ́ẹ̀lì tí ń pín á dínkù. Gbòǹgbò á kúrú, á ki, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú, nígbà tí ewé òkè ṣì lè máa tutù yọ̀yọ̀. Ojú tí ń wo ewé nìkan kò ní tètè mọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń bi gbòǹgbò àlùbọ́sà léèrè. Albert Levan ní Swídìn ni ó fi í ṣe àyẹ̀wò ní ọdún 1938. Nílé wa níhìn-ín, P. G. C. Odeigah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó, Akọkà, tẹ àyẹ̀wò wọn jáde ní 1997 lórí omi ìdọ̀tí ibi tí a ti ń wa epo rọ̀bì. Ní ọdún 2000, A. A. Bakare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ tiwọn jáde lórí omi tí ń sẹ̀ láti inú ìdọ̀tí. Gbòǹgbò inú irú omi bẹ́ẹ̀ kì í gùn bíi ti inú omi tó mọ́, pípín sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì ń dàrú.

Kí ni èyí kan awo? Inú gbòǹgbò ni ọ̀pọ̀ òjé tí igi bá fà máa ń dúró sí, egbò sì ni a ń wà. Kádímíọ̀mù ní tirẹ̀ a máa gòkè wọ ewé. Iná kì í jó wọn run. Bí a bá se àgbo títí omi rẹ̀ fi dínkù, irin inú rẹ̀ kò bá omi lọ. Ńṣe ni ó ń ki sí i. Aláboyún àti ọmọdé sì ni òjé ń pa lára jù. Ní Zamfara ní ọdún 2010, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá wúrà pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Eruku ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò yẹ kí ife àgbo gbé e dé ọ̀dọ̀ tiwa.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a já ewé tàbí kí a wa egbò ní ààtàn, ní ọgbà mẹkáníìkì, ní etí gọ́tà tàbí ní ẹ̀bá títì ńlá. Ẹ jẹ́ kí a bi ẹlẹ́wé ọmọ léèrè ibi tí ó ti já ọjà rẹ̀. Ẹ má ṣe fọ́ bátìrì ní àgbàlá. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dá oko ewé sílẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ti yẹ̀ wò.

Àwọn ọmọ awo tí ó wà nílé ìwé náà lè gbé àlùbọ́sà lé ife omi kànga, kí wọ́n gbé òmíràn lé omi tó mọ́, kí wọ́n wọn gbòǹgbò méjèèjì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Gbòǹgbò kúkúrú kò ní dárúkọ irin tí ó wà nínú omi, ṣùgbọ́n yóò sọ fún wa pé kí a gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò.

Ọ̀sányìn fi ewé lé wa lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí ewé ń hù nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa pẹ̀lú. Kí ilẹ̀ yìí má ṣe di májèlé fún àwọn ọmọ wa.