Agogo Tí Ń Bẹ Nínú Ara Wa

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ.

Ẹni tí ó bá dé ibùdókọ̀ Mowe ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí yóò rò pé ọjà ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Akọ̀wé wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, ìyá tí ń lọ ra ẹja ní Èkó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé pàápàá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ibafọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ifọ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọn yóò ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni àwọn ń sá fún. Owó ilé ní ìhín kò wọ́n tó ti Èkó, ṣùgbọ́n Èkó ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó wọlé ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́, tí ó wẹ̀, tí ó jẹun, tí ó yẹ iṣẹ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ wò, agogo mọ́kànlá ni yóò fi orí lé ìrọ̀rí. Agogo mẹ́ta ààbọ̀ ni yóò sì jí. Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ péré nìyẹn. Àwọn oníṣègùn ní kí oorun àgbàlagbà má ṣe dín ní wákàtí 7. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12, àwọn ọ̀dọ́ sì nílò wákàtí 8 sí 10.

Ṣùgbọ́n iye wákàtí nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Àkókò tí a sùn ńkọ́? Àwọn baba wa kò ní agogo lára ògiri, síbẹ̀ wọ́n mọ ìdájí yàtọ̀ sí àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n mọ ìyálẹ̀ta yàtọ̀ sí ọ̀sán gangan, wọ́n sì mọ ọ̀gànjọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun abẹ̀mí ni ó ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lára. Ẹ̀yin ọmọdé mọ patanmọ́, tí a fọwọ́ kàn tí ó sì pa ewé dé. Òun fúnra rẹ̀ máa ń pa ewé dé lálẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní ọdún 1729, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ de Mairan gbé irú ewéko bẹ́ẹ̀ sínú òkùnkùn. Ewéko náà kò rí oòrùn mọ́. Kò ṣìnà. Bí ilẹ̀ bá mọ́ níta, ó ń ṣí ewé rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó ń pa á dé.

Ènìyàn náà ńkọ́? Ní oṣù Keje ọdún 1962, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Michel Siffre wọ inú ihò àpáta kan lọ ní òkè Alps, láìmú agogo dání. Oṣù méjì ni ó lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ó jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, ó bá wọn jiyàn, ó ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ni. Iye ọjọ́ dàrú mọ́ ọn lójú, ṣùgbọ́n oorun àti jíjí rẹ̀ kò dàrú: ọjọ́ tirẹ̀ kan fi díẹ̀ ju wákàtí 24 lọ.

Inú ọpọlọ ni agogo náà wà, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, kò sì tó hóró ìrẹsì kan. Nítorí pé ó máa ń falẹ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tí ó wọ ojú wa ni ó ń tún un ṣe lójoojúmọ́, bí ẹ ti máa ń tún agogo ògiri ṣe. Bí ilẹ̀ bá ṣú, agogo náà yóò mú kí èròjà kan tí à ń pè ní melatonin máa tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí tutù, oorun yóò sì dé. Ní 2017, àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Hall, Rosbash àti Young, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n wá ìdí iṣẹ́ agogo yìí rí lára kòkòrò kékeré tí ń bà lé èso.

Kòkòrò tí ń fa jàbùtẹ̀ tilẹ̀ mọ agogo wa. Ní ọ̀sán, àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró; ní òru, láàárín agogo mẹ́wàá sí agogo méjì, wọ́n á jáde sínú ẹ̀jẹ̀ tí ó súnmọ́ awọ, ní àkókò tí ẹ̀fọn ń jẹni. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé òru ni wọ́n máa ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n bá fẹ́ wá a lára rẹ̀. Ní 1881, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù mú kí aláìsàn kan máa sùn ní ọ̀sán, kí ó sì máa lajú ní òru. Kò pẹ́ tí kòkòrò náà fi yí padà, ọ̀sán ni wọ́n wá ń jáde. Àlejò tí ń fi oorun onílé mọ àkókò!

Ara ènìyàn kò gbà tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti ṣe iṣẹ́ òru rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ ọkọ̀ ní Berger, mo ní kí wọ́n já mi sí Ibafọ. Mowe ni kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ti jí mi: “Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò bọ́ọ́lẹ̀ ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sanwó padà. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó wò: bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wa ọkọ̀ náà ńkọ́? Ọ̀gànjọ́ sí àfẹ̀mọ́júmọ́ ni oorun máa ń gbé awakọ̀ jùlọ. Ní ọ̀nà yìí kan náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń ṣe àìsùn ní Redemption City àti Prayer City. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Mo kàn ń bẹ ẹni tí yóò wa ọkọ̀ lọ sílé pé kí ó kọ́kọ́ sùn díẹ̀.

Àìtó oorun fún ọdún púpọ̀ máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà rìn. Ní ti iṣẹ́ òru, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ sọ ní 2007, ó sì tún un sọ ní 2019, pé ó jọ pé ó lè fa àrùn náà.

Kí ni kí a ṣe? N kò ní sọ fún ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń retí ní Marina ní agogo méje pé kí ó sùn di agogo méje. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sùn di ọ̀sán ní ọjọ́ Àìkú. Agogo inú ara yóò sún sẹ́yìn, ìdájí ọjọ́ Ajé yóò sì rí lára yín bí ọ̀gànjọ́. Ẹ kúkú tètè sùn ní alẹ́ Sátidé. Bí ẹ bá dé Èkó, ẹ dúró nínú oòrùn òwúrọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó wọ ọ́fíìsì. Ẹ sùn nínú ọkọ̀ bí ẹ bá jẹ́ èrò, kí ẹ sì di àpò yín mú. Obì tí ẹ jẹ ní ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lára yín ní ọ̀gànjọ́, nítorí náà òwúrọ̀ ni kí ẹ jẹ ẹ́. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ọlọ́dẹ tí ń sùn ní ọ̀sán, ẹ fi aṣọ dúdú tí ó nípọn bo fèrèsé. Kí àwọn ará ilé sì bá yín dín ariwo kù.

Agogo mẹ́sàn-án ti fẹ́ẹ̀ lù. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbé fóònù sí yàrá ìyá yín, kí ẹ sì pa iná. Ó dàárọ̀ o.