Ọ̀rọ̀ Ẹbí Kọ́: Òfin àti Ìyà Tí Wọ́n Fi Ń Jẹ Àwọn Arúgbó

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa tó ti dàgbà la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ lè ní kí ló kan ètò ìlera nínú ọ̀rọ̀ òfin àti ẹ̀wọ̀n. Ó kàn án, torí ilé ìwòsàn ni wọ́n ti sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Wọ́n á gbé ìyá arúgbó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, wọ́n á ní ó ṣubú ní balùwẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣubú kì í ní ojú okùn ní ọrùn ọwọ́ méjèèjì. Ìṣubú kì í sì í fa egbò ìdí tó ti ń rùn. Àìsí ẹni tó ń yí i padà lórí ẹní ló ń fa ìyẹn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ẹni mẹ́fà tó ti pé 60 ọdún sókè, ó tó ẹnì kan tí wọ́n fìyà jẹ láàárín ọdún kan. Díẹ̀ nínú wọn ló máa ń sọ ọ́ síta. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Ta ló fẹ́ fa ọmọ bíbí inú rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́? Tí wọ́n bá sì mú un lọ, ta ni yóò gbé oúnjẹ wá lálẹ́?

Ìgbà náà lẹ máa ń gbọ́ pé, “Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé.” Kò burú kí ẹbí parí ìjà. Ṣùgbọ́n tí ìparí náà bá jẹ́ pé wọ́n dá bàbá padà sínú yàrá kan náà, sọ́wọ́ ẹni kan náà, kí ni wọ́n parí?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin ilẹ̀ wa wí. Ìwé òfin àgbà ti 11 oṣù Kejìlá 1990, ní ẹsẹ̀ 26, sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ máa bójú tó àwọn arúgbó. Òfin ẹbí ti ọdún 2004 sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ bọ́ òbí rẹ̀ tó bá wà nínú àìní; ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí ó máa san owó oúnjẹ náà. Òfin ìwà ọ̀daràn, ìyẹn loi 2018-16 ti 28 oṣù Kejìlá 2018, ló rọ́pò èyí tí Faransé fi sílẹ̀ fún wa. Lílu èèyàn, títì í mọ́lé, fífi èyí tí kò lè dá ṣe nǹkan sílẹ̀ láìsí ìtọ́jú, ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn wà fún wọn. Ilé kọ́ ni òfin ń wò kó tó dá ẹjọ́. Kódà, ẹni tó bá na bàbá tàbí ìyá rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ wúwo ju ti ẹni tó na aládùúgbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin 2011-26 ti 9 oṣù Kìíní 2012, tó wà fún ìwà ipá sí obìnrin: kò sọ pé tí obìnrin bá ti lé ní 70, òun ò dáàbò bò ó mọ́.

Ti owó máa ń rọra bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ-ọmọ ló bá màmá ṣí MoMo, òun ló mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, òun ló ń gbà á. Ẹni tó wà ní Kútọnu fi 20 000 sẹfá ránṣẹ́, 5 000 ló dé ọwọ́ màmá, wọ́n sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Lẹ́yìn náà ló kan owó ìfẹ̀yìntì bàbá. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀. Wọ́n gbé ìwé títà ilẹ̀ wá, wọ́n ní ìwé ilé ìwòsàn ni, wọ́n fa ìka bàbá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Jìbìtì nìyẹn, ó sì ní ìjìyà tirẹ̀, ẹni tó ra ilẹ̀ náà tó sì mọ̀ sí i kò ní lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má tẹ ìka mọ́ ìwé tí ẹni tí kì í gbé nínú ilé yín kò bá kà fún yín.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn ìyá tí wọ́n ń pè ní àjẹ́. Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Ó ń jí lóru, ó ń rìn kiri àgbàlá, ó ń bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Ó wọ ilé onílé láìmọ̀. Ọmọ kan sì kú ládùúgbò. Ó parí! Àrùn ọpọlọ ni, àrùn ìgbàgbé tó ń bá àgbà jà ní gbogbo ayé. Nígbà mìíràn kì í tiẹ̀ ṣe ìyẹn. Tí ọ̀rọ̀ ẹnu arúgbó bá ṣàdédé dàrú láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ kòkòrò nínú ìtọ̀, ó lè jẹ́ pé kò mu omi tó nínú ooru yìí. Ìwọ̀nyí ní ìtọ́jú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

“Ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́!” Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti rẹ̀ yóò dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí ohunkóhun. Ẹni tí wọ́n ń nà náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. A ti rí i ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní nǹkan bí 1975 sí 1976, lábẹ́ ìjọba Kérékou, wọ́n gbógun ti àwọn tí wọ́n ní wọ́n jẹ́ àjẹ́. Wọ́n mú àwọn ìyá arúgbó, wọ́n sì mú kí àwọn kan jẹ́wọ́ lórí rédíò pé àwọn ló ń pa ọmọdé. Àwọn ọmọ ń kú lóòótọ́. Tẹ́tánọ́ọ̀sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n, èyí tó ń gba ojú ìwọ́ wọlé tí wọ́n bá fi abẹ ìdọ̀tí gé e. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀, ẹ̀yin ará.

Ní Gáná, ní Kafaba, oṣù Keje 2020, wọ́n lu ìyá ẹni 90 ọdún pa ní gbangba nítorí ọ̀rọ̀ àjẹ́ yìí. Ilé ẹjọ́ ní Tamale rán obìnrin méjì lọ sẹ́wọ̀n ọdún 12. Ní Nàìjíríà, kí èèyàn kàn pe ẹlòmíràn ní àjẹ́, òfin ìwà ọ̀daràn wọn, ẹsẹ̀ 210, lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ àwọn àgbà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Addis Ababa ní oṣù Kìíní 2016, náà ní kí ìjọba fòpin sí ẹ̀sùn àjẹ́ tí wọ́n ń fi kan arúgbó. Benin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á wọlé.

Mo fẹ́ dá nǹkan kan sọ́tọ̀ kí n tó lọ. Ilé tí gbogbo èèyàn ti ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tí màmá náà sì ń jẹ lẹ́ẹ̀kan, òṣì ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìyàwó ilé tó ti ń fọ ìdọ̀tí ìyá ọkọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, tó rẹ̀, tó ń sunkún, ọ̀daràn kọ́. Ẹ̀yin ọmọ ọkùnrin tí ẹ ń fóònù láti ọ̀nà jíjìn, ẹ wá sùn nílé fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó lè sinmi. Ṣùgbọ́n fífún arúgbó ní oògùn oorun tí wọ́n rà lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó lè sùn láti àárọ̀ dalẹ́, ìyẹn kì í ṣe àárẹ̀ mọ́. Ó lè pa á.

Tí ẹ bá rí i, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ fún ìtọ́jú, ní ilé ìwòsàn àdúgbò tàbí ní CHUD Borgou. Ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí dókítà, certificat médical. Ẹ má kùnà rẹ̀, torí iye ọjọ́ tí dókítà bá kọ síbẹ̀ pé kò lè ṣiṣẹ́ wà lára ohun tí adájọ́ fi ń wọn ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹ gbé e lọ sí kọmisaríà, tàbí kí ẹ kọ lẹ́tà sí procureur ní ilé ẹjọ́ Parakou. Kò pọn dandan kó jẹ́ arúgbó náà fúnra rẹ̀ ló máa lọ. Tó bá sì yọ́nú sí ọmọ rẹ̀, tó ní òun ò ṣẹjọ́ mọ́, procureur ṣì lè máa bá ẹjọ́ lọ. Ẹni tí ẹ̀rù ọlọ́pàá bá ń bà, kó lọ sí Centre de promotion sociale, tí wọ́n ń pè ní GUPS báyìí.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ ń kà á, tí wọ́n bá gbé àgbàlagbà wá tí ẹni tó gbé e wá ń bá a dáhùn gbogbo ìbéèrè, ẹ rán onítọ̀hún lọ ra oògùn tàbí lọ san owó. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ jókòó, kí ojú yín àti ojú rẹ̀ ṣe déédéé. Ẹ wá rọra bi í pé, “Màmá, ta ló ń fún yín lóúnjẹ? Ṣé ẹ̀rù ẹnì kan ń bà yín nílé?” Kí ẹ sì dákẹ́, kí ẹ fún un láyè, torí ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn.