Ìbéèrè tí Charles Hodge Béèrè



Ó lé ní 50 ọdún tí Charles Hodge fi kọ́ àwọn àlùfáà ìjọ Presbyterian ní Princeton, ní New Jersey. Ní 1859, Charles Darwin tẹ ìwé kan jáde pé díẹ̀díẹ̀ ni irú ohun ẹlẹ́mìí kan ń ti ara òmíràn jáde: èyí tí ìyàtọ̀ ara rẹ̀ bá ibùgbé rẹ̀ mu ni ó ń yè, tí ó sì ń bímọ. Ó rọrùn fún oníwàásù láti bú ìwé tí kò kà. Hodge kà á. Ní 1874, ó ti pé ẹni 76 ọdún nígbà tí ó kọ èsì, ìbéèrè ni ó sì fi ṣe àkọlé rẹ̀: kí ni ẹ̀kọ́ Darwin gan-an?

Pé ohun ẹlẹ́mìí ń yí padà, Hodge ní àwọn mìíràn ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú Darwin. Ohun tí kò gbà ni pé kò sí ète kankan nínú rẹ̀, pé ojú tí a fi ń ríran kò ní ẹni tí ó pète rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá yọ ète kúrò nínú ẹ̀dá ti yọ Ọlọ́run kúrò. Síbẹ̀, ó sọ gbangba pé òun kò pe Darwin fúnra rẹ̀ ní aláìgbọlọ́run-gbọ́. Ìwà yẹn wú mi lórí púpọ̀.

Asa Gray, Kristẹni tó jẹ́ onímọ̀ ewéko ní Harvard, kò gbà fún Hodge. Ní Princeton níbẹ̀, James McCosh, ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì, gbà pé ọ̀nà tí Ọlọ́run ń gbà ṣiṣẹ́ ni ìyípadà ohun ẹlẹ́mìí. Ọ̀dọ̀ àwọn méjì yìí ni mo wà.

N kò ní fi ibi kan pamọ́ fún yín. Hodge kọ̀wé pé ìran kan ni gbogbo ènìyàn, dúdú àti funfun, ó sì bá àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ jà. Ọkùnrin yìí kan náà ní ẹrú nílé, ó sì kọ ọ́ pé níní ẹrú fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó dùn mí.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ bá ti kíláàsì bàọ́lọ́jì gbé irú ìbéèrè tí Hodge béèrè wá sílé, kí a má pa á lẹ́nu mọ́. Mo rọ ẹgbẹ́ wa ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí pé ní àpéjọ tó ń bọ̀, kí pásítọ̀ àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì jókòó papọ̀ níwájú àwọn ọmọ wa, kí àwọn ọmọ sì bi wọ́n ní ohun tó wà lọ́kàn wọn.