Òfin, Òógùn Ojú àti Ọjọ́ Alẹ́: Owó Ìfẹ̀yìntì Òṣìṣẹ́ Ìjọba àti Social Security ní Amẹ́ríkà



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kan ọjọ́ alẹ́ ẹ̀yin olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Bí ènìyàn bá gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ìjọba tó sìn, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó rẹ̀ nínú Social Security, ètò owó ọjọ́ ogbó ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà? Fún bí ogójì ọdún, gígé ni òfin ń gé e. Wọ́n ti fagi lé òfin náà báyìí. Èrò mi ni pé ó tọ́ kí wọ́n fagi lé e, àmọ́ ìdọ́gba kò tíì dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Nígbà tí Ààrẹ Franklin Roosevelt buwọ́ lu òfin Social Security ní 1935, òṣìṣẹ́ ìjọba kò sí nínú rẹ̀. Àtúnṣe ọdún 1950 ló fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti fi òṣìṣẹ́ wọn sí i bó bá wù wọ́n. Ọ̀pọ̀ gbà, àwọn kan kò gbà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba ní Texas, California, Illinois, Ohio àti Massachusetts kì í fi í san owó-orí Social Security títí dòní. Àpò ìfẹ̀yìntì ti ìpínlẹ̀ wọn ni wọ́n ń dá owó sí.

Ẹni tó bá san owó-orí náà fún ọdún 10, ó kéré tán, lẹ́tọ̀ọ́ sí owó oṣooṣù lọ́jọ́ ogbó. Ọdún 35 tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ni ìjọba ń fi wo ìpíndọ́gba ohun tó ń gbà lóṣù. Ní 2024, ìdá 90 nínú 100 ni wọ́n ń san lórí dọ́là 1,174 àkọ́kọ́, ìdá 32 lórí èyí tó tẹ̀ lé e títí dé dọ́là 7,078, àti ìdá 15 lórí ìyókù. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ó lè ṣàánú ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó fi ọdún 25 kọ́ni ní Texas, tó sì fi ọdún 12 ṣiṣẹ́ níbòmíràn, òfo ni ọdún ìkọ́ni rẹ̀ nínú ìwé Social Security. Yóò wá jọ tálákà lójú ìṣirò.

Nítorí èyí ni àwọn aṣòfin ṣe gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní WEP kalẹ̀ ní 1983. Ẹni tí kò ju ogún ọdún lọ lábẹ́ Social Security, ìdá 90 rẹ̀ lè di 40. Ní 2024, èyí lè gé dọ́là 587 kúrò lóṣù kan. Kódà owó ìfẹ̀yìntì láti ilẹ̀ òkèèrè kò yọ sílẹ̀: ẹni tó sin ìjọba Nàìjíríà fẹ̀yìn tì, tó wá ṣiṣẹ́ ọdún 10 ní Amẹ́ríkà, ìlànà yìí lè bá a nígbà náà.

Èyí tó dun opó jù ni ìlànà kejì, tí wọ́n ń pè ní GPO, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Kí wọ́n tó fagi lé e, ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ni wọ́n ń yọ kúrò nínú owó tí opó ń jẹ lórí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Bí ti ìyá bá jẹ́ dọ́là 1,500 lóṣù, tí owó opó rẹ̀ sì jẹ́ 1,200, wọn yóò yọ 1,000. Dọ́là 200 péré ni yóò kù. Bí ti ìyá bá tó 1,800, kò ní gba kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ san owó-orí náà títí ó fi kú.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní 2025, Ààrẹ Joe Biden buwọ́ lu òfin tó fagi lé méjèèjì, lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin àgbà 76 fọwọ́ sí i, tí 20 sì lòdì sí i. Ó kan ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2.8, wọ́n sì ka ẹ̀tọ́ wọn láti oṣù kìíní 2024.

Mo yọ̀ fún wọn. Síbẹ̀, òtítọ́ ní apá kejì. Opó tó ti san owó-orí Social Security ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kì í gba tirẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ pọ̀. Ìwọ̀n èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n opó tó jẹ́ olùkọ́ ní Texas ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ àti owó opó ní kíkún báyìí. Àpò gbogbogbòò tó ń gbọ́ bùkátà yìí sì ti ń gbẹ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ìjọba ka gbogbo iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe láyé, ì báà san owó-orí náà lórí rẹ̀, ì báà má san án, kí wọ́n wá san ìpín tó bá ọdún tó fi dá owó mu. Irú àbá bẹ́ẹ̀ ti dé iwájú àwọn aṣòfin rí, wọn kò sì sọ ọ́ dòfin.

Ẹ̀yin opó tí wọ́n ti sọ fún pé ẹ kò ní rí nǹkan kan gbà, tí ẹ kò sì kọ̀wé béèrè rárá, ẹ lọ kọ ọ́ báyìí. Ìjọba kì í sanwó fún ẹni tí kò béèrè, owó àtẹ̀yìnwá ẹni tó pẹ́ kó tó kọ̀wé kì í sì í sábà ju ti oṣù mẹ́fà lọ. Ẹ̀yin tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ yẹ àkọsílẹ̀ owó-orí yín wò lọ́dọọdún. Ẹ sì bi aṣòfin tó ń tọrọ ìbò yín léèrè bí yóò ṣe dá owó padà sínú àpò náà láìgé ti arúgbó. Ẹni tó sin ìlú ò tọrọ àánú. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ń béèrè.