Oúnjẹ Ẹran Ọ̀sìn àti Ohun Tí Ó Ń Bá Ìtọ̀ Rẹ̀ Jáde

Bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìnkùlé kan kọjá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ní Ṣágámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ní Ìlíṣàn, níbi tí wọ́n ti ń so ewúrẹ́ àti àgùntàn mọ́lẹ̀, òórùn kan yóò kí i kí onílé tó kí i. Òórùn náà a máa ta ni nímú, a sì máa mú omi bọ́ lójú. Ìdọ̀tí lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Èmi kà á sí owó tí ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Kò sí purotéènì tí kò ní èròjà tí à ń pè ní náítírójìn nínú. Nínú 100 gíráàmù purotéènì, nǹkan bí 16 gíráàmù ni náítírójìn. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí màlúù bá jẹ, ó ṣọ̀wọ́n kí èyí tí yóò di ẹran ara tàbí wàrà ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ni ó ń kó ìyókù jáde.

Ikùn ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ kò dà bí tiwa. Nínú ikùn ńlá rẹ̀, èyí tí àwọn alápatà ń tà fún wa ní ṣàkì, ni àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Àwọn ni ó kọ́kọ́ ń jẹ oúnjẹ náà. Wọn a tú purotéènì ká di amóníà, wọn a sì fi amóníà yìí kọ́ ara tiwọn. Lẹ́yìn náà ni ẹran yóò wá da àwọn kòkòrò náà gan-an bí oúnjẹ. Iṣẹ́ yìí gba agbára, inú oúnjẹ afúnnilókun sì ni agbára náà ti ń wá. Bí purotéènì bá pọ̀ tí afúnnilókun kò tó, amóníà yóò ṣẹ́kù, yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ yóò sọ ọ́ di yùríà, kíndìnrín yóò sì tì í sínú ìtọ̀. Yùríà yìí kò yàtọ̀ rárá sí èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa ń rà ní àpò-àpò.

Bí purotéènì bá sì ṣọ̀wọ́n, ara ẹran a máa dọ́gbọ́n: a dá yùríà padà sínú ikùn nípasẹ̀ itọ́ ẹnu. Ẹfọ̀n odò tí wọ́n ń sìn ní Íńdíà àti Íjíbítì mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. (Kí ẹnikẹ́ni má fi í pe ẹfọ̀n inú ìtàn Ọya o; ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, tiwa kò gba ìsìn.)

Èèpo gbágùúdá ni ewúrẹ́ ilẹ̀ Rẹ́mọ ń rí jẹ jù, nítorí pé ibi tí a bá ti ń yan gàrí, kì í wọ́n. Afúnnilókun pọ̀ nínú rẹ̀, purotéènì kò tó nǹkan. Ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ a wá da kúlíkúlí sílẹ̀ yanturu, ìtọ̀ a sì gbé èrè rẹ̀ lọ. Ohun tí ó dára jù ni kí a sá èèpo náà sí oòrùn kí májèlé inú rẹ̀ dínkù, kí a sì fi ewé agúnmáníyẹ̀ ìwọ̀nba kún un. Ní nǹkan bí ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ILCA ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú láti gbin igi yìí fún ewúrẹ́ àti àgùntàn.

Amóníà tí ó fò lọ ti lọ. Èyí tí ó kù sílẹ̀ ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Inú ilẹ̀ ni yóò ti di náíréètì, òjò yóò sì fọ̀ ọ́ wọ inú kànga, bẹ́ẹ̀ àgbàlá kan náà ni kànga àti ilé ewúrẹ́ wà. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí náíréètì má ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan. Ọmọ ìkókó tí a ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po wàrà fún ni ó wà nínú ewu, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má gbé afẹ́fẹ́ mọ́ bí ó ti yẹ. Ẹ̀yin ìyá, sísè kì í mú un kúrò.

Àwọn baba wa kò mọ orúkọ náítírójìn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹ̀bá ààtàn ni tẹ̀tẹ̀ ti ń dára. Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ àti háhá àgbàdo sínú ilé ẹran kí ó fa ìtọ̀ mu, ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí kànga, kí ẹ sì kó o lọ sí oko ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ọjọ́ tí ẹ bá kó o dé oko náà ni kí ẹ ti bò ó mọ́ inú ebè.