Ariwo Oòrùn Kò Lè Dé Lọ́kọ́jà

(Fún àwọn tí dátà wọn kò gbé voice note, ọ̀rọ̀ náà rèé bí a ṣe gbọ́ ọ.)

Ìyá aláta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sùn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan gbé ohùn kan sínú ẹgbẹ́ wa. Ó ń dún wúù-wúù bí ẹ̀rọ ìlọta tó fẹ́ kú. Wọ́n ní ohùn oòrùn ni, pé láti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun di àárọ̀ Ọjọ́rú, oòrùn yóò bú ramúramù, etí ẹni tó bá wà níta yóò di. Ọ̀pọ̀ wa kò lọ sí Kpata ní ìdájí yẹn. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ilẹ̀ mọ́, a ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ìyá aláta fi máa débẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, apẹ̀rẹ̀ tòmátò mẹ́rin tó ti sanwó fún ti jẹrà.

Ẹ gbọ́ ìdí tí kò fi lè ṣẹlẹ̀. Ohùn kì í fò. Títì ni. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń fún ara wa mọ́ ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ti ẹni iwájú rẹ̀, onítọ̀hún ti ẹni tó kàn, títì náà á dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹni ẹ̀yìn kò kúrò níbi tó wà o, títì rẹ̀ ló rìn. Tí onílù bá lu dùndún, awọ á gbọ̀n, á ti afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ á ti afẹ́fẹ́, títí dé etí wa. Nǹkan bíi mítà 340 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi ó yá jù bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi mítà 1,500. Ẹni tó bá ti ri orí sínú odò Ọya nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tó ní ẹ́ńjìnnì ń bọ̀ lókèèrè mọ ohun tí mò ń sọ.

Tí àlàfo bá wá wà láàárín ẹni ẹ̀yìn àti ẹni iwájú ńkọ́? Ẹ tì í títí di ọ̀la, ẹni iwájú ò ní mọ̀. Bí òkè ọ̀hún ṣe rí nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ń dín kù bí a ṣe ń gòkè. Tó bá fi máa di kìlómítà 100, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Oòrùn sì jìnnà tó mílíọ̀nù kìlómítà 150, òfìfo ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Oòrùn ń ru gùdù lóòótọ́, ẹni tí yóò gbé ariwo rẹ̀ wá ni kò sí. Ká tiẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kún ibẹ̀, mo ṣírò ó lórí fóònù mi: ariwo tó bá gbéra lónìí yóò lò tó ọdún 14 kó tó dé. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 8.

Baba onítáyà bi mí níkọ̀kọ̀ pé, tó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni àwọn tó lọ sórí òṣùpá ní 1969 ṣe bá ara wọn sọ̀rọ̀. Rédíò ni, baba. Armstrong àti Aldrin dúró nítòsí ara wọn, síbẹ̀ rédíò ni wọ́n fi ń gbọ́ra. Ohun tí rédíò ń rán jáde kì í ṣe ohùn, ẹbí ìmọ́lẹ̀ ni, kò nílò afẹ́fẹ́. Òun náà ni sátẹ́láìtì wa NigComSat-1R, tí wọ́n gbé lọ sókè láti Ṣáínà ní oṣù Kejìlá 2011, fi ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ láti nǹkan bíi kìlómítà 36,000.

Ohùn wúù-wúù yẹn ńkọ́? NASA gbé irú rẹ̀ jáde ní 2022 lóòótọ́, láti inú àgbájọ ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Perseus. Gáàsì pọ̀ níbẹ̀, ìgbì wà nínú gáàsì náà, àmọ́ kò rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Àwòrán ni wọ́n yà, wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n rí di ohùn, wọ́n gbé e ga kí etí èèyàn tó lè gbọ́ ọ. Kò sí ìkìlọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó lẹ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ ló parọ́.

Ààrá o, ìyẹn yàtọ̀, ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi jókòó sójú omi! Inú afẹ́fẹ́ wa níbí ni ààrá ti ń sán. Tí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kà: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta dúró fún kìlómítà kan. Tí ẹ bá gbọ́ ọ kí ẹ tó ka ọgbọ̀n, kò tó kìlómítà 10 sí yín. Ẹ má wọ ọkọ̀.

Ìyá aláta, a ti ń dáwó tòmátò yín jọ. Ẹgbẹ̀rún méjì tèmi ti wà lọ́dọ̀ akápò. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ohùn yẹn wá, a ò ní dárúkọ yín, àmọ́ a ń retí tiyín.